Ẹ má rẹ́ irun fún ọkọ̀: lórí "servo" àti "trim"

Ẹ̀yin ará ilé,

Ẹ kú àárọ̀ o. Láti Parákin ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohun tí a ó máa pe nǹkan méjì lára ọkọ̀ ìṣeré oní-rìmóòtù: servo, mọ́tò kékeré tó ń yí táyà iwájú, àti trim, bọ́tìnnì orí rìmóòtù tí a fi ń tún àárín rẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Iléṣà ló dá a sílẹ̀, torí wọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé kan tí àwọn ọmọdé yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Títí di àná, ohun mẹ́ta ló ti jáde fún servo: "ẹ̀rọ ẹrú", "olùdarí táyà", àti ti ẹni tó ní kí a kàn kọ "sẹ́fò" kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀. Fún trim, ẹnì kan ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, ó sì mú "ìrẹ́run" bọ̀.

Ìrẹ́run ni mo máa kọ́kọ́ mú, kí ẹ̀rín má baà pa mí. Irun wo ló wà lórí ọkọ̀? Àwọn atukọ̀ òkun ló ni ọ̀rọ̀ yẹn kó tó dé orí rìmóòtù: kí wọ́n to ẹrù kí ọkọ̀ lè jókòó déédéé lórí omi. Bọ́tìnnì kékeré tó ń jẹ́ trim kò gé nǹkan kan kúrò lára nǹkan kan. Ó kàn ń sún àárín ni, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn tún fìlà ṣe lórí.

Sátidé tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin gbé ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ wá bá mi, èyí tí wọ́n ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi. Ó ní, "Bọ̀dá, sítíárìn ẹ̀ ò dáa." Mo ní báwo ni kò ṣe dáa? Ó ní kò ṣáà dáa ni. Mo ní kó gbàgbé "kò dáa", kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún mi. Ó ronú díẹ̀. Ó ní: "Tí mo bá fi sílẹ̀, òsì ló ń fà sí. Tí mo bá yí i sọ́tùn-ún, ó máa ń gan. Tó bá wá dúró, táyà ẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe."

Ó ń fà, ó ń gan, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tí a ní láti dá sílẹ̀, àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ẹ ti kọ "ìṣòro ìdarí" fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Ọmọ tó bá ka "ìṣòro ìdarí" kò ní mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn.

Mo pa iná ọkọ̀ náà, mo tú ìdè kékeré tó de apá ike mọ́ orí servo, mo yọ apá yẹn kúrò. Mo wá fi ọwọ́ ti táyà méjèèjì sósì, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo tì í sọ́tùn-ún, ó gan ní ìdajì ọ̀nà. Servo ò sí lára rẹ̀ mọ́ o, ó ṣì ń gan, ẹ̀bi servo kọ́ nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì ló há sí oríkèé táìrọ́ọ̀dù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa táyà. Abẹ́rẹ́ ni mo fi yọ ọ́. Ọmọ yìí sì ti ń bá ìyá rẹ̀ ja ìjà owó servo tuntun láti ọjọ́ Tuesday.

Ti fífà sí òsì ló gba àkókò. Trim ti wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ọmọ náà ti yí i títí kò lè lọ mọ́. Mo dá a padà sí àárín, mo tan rìmóòtù, mo tan ọkọ̀, servo fúnra rẹ̀ lọ dúró sí àárín tirẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ dá apá ike padà sórí rẹ̀ ni mo rí i: eyín kan ni wọ́n fi gbé e yẹ̀ nígbà tí wọ́n tò ó. Eyín 25 ló wà lórí servo yìí níbi tí apá ike ti ń wọ̀ ọ́, eyín kan ṣoṣo sì jẹ́ digírì 14.4. Trim kò lè tán irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ rí i bò, ọkọ̀ á máa yí dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ní yí tó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ "ìfàsáàárín" fún trim. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ló wà nínú rẹ̀, ó sì jọ ohun tí ọmọ náà sọ láìmọ̀: "mo fà á sáàárín, kò dúró." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "àláìmẹ́ǹtì" sí i. Àwọn mẹkáníìkì Lágere mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ti inú táìrọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni, kò kan rìmóòtù.

Ó wá ku servo. Ẹni tó ní "ẹrú" kò ṣàdédé sọ ọ́. Servus nínú èdè Látìn, ẹrú ni. Farcot, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, ló tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1873 fún ẹ̀rọ tí agbára ooru omi fi ń yí ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ yíyí ọkọ̀ ni wọ́n ti bí i sí? Ṣùgbọ́n ohun tí ẹrú sọ kò ju pé wọ́n pàṣẹ, ó ṣe é. Mọ́tò tó ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. "Olùdarí táyà" ńkọ́? Ọmọ tó di rìmóòtù mú ni olùdarí.

Ohun tó ya servo sọ́tọ̀ ni pé ó mọ ibi tó dé. Nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni iṣẹ́ ń dé etí rẹ̀. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, àmì iná tó gùn tó ìpín kan àti ààbọ̀ ní kó dúró láàárín, ìpín kan ní kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìpín méjì ní kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nínú ikùn rẹ̀, ohun kan wà tó dà bí èyí tí a fi ń gbé ohùn rédíò sókè sódò. Ìyẹn ló ń sọ fún un pé "o ti dé ibẹ̀" tàbí "ó ku díẹ̀". Ó ń jíṣẹ́, ó sì ń jábọ̀ fún ara rẹ̀.

Èmi ará Ifẹ̀, ẹmẹ̀sẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tí Ọọ̀ni rán láti ààfin ní Ẹnuwá kì í kàn forí lé ọ̀nà, ó ń lọ síbi pàtó, ó sì ń mú àbọ̀ wá. "Ìránṣẹ́" kò gbé àbọ̀ yẹn dání, "òjíṣẹ́" sì ti di ti ilé ìjọsìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní a kì í fi orúkọ ààfin ṣeré ọmọdé. Mo gbọ́. Bí ó bá dùn yín, ẹ mú "ajíṣẹ́-jábọ̀", ó gùn, ṣùgbọ́n ó pé.

Gbígbọ̀n yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú. Mo pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù, mo gba iná sí ti ọkọ̀ títí ó fi kún, ó ń gbọ̀n. Mo yá servo ọkọ̀ mìíràn fi sí i, gbígbọ̀n dá. Ohun tó dà bíi ti rédíò yẹn ló ti jẹ nínú rẹ̀, bí èyí tó máa ń han gààrà-gààrà tí a bá yí rédíò àtijọ́. Ẹmẹ̀sẹ̀ tí kò mọ ibi tó dé mọ́ ni: ó ń lọ, ó ń bọ̀, lójú kan náà. Ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, ṣé mo wí pé servo ni?" Mo ní ọ̀kan nínú mẹ́ta lo gbà.

Sí ẹni tó ní kí a kọ "sẹ́fò" torí pé Yorùbá kò lè gbé ẹ̀rọ: ní Mọdákẹ́kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Èmi ò bá sẹ́fò jà o. Bó ti wà lẹ́nu àwọn rẹ́wáyà, kó máa wà níbẹ̀, bíi táìrọ́ọ̀dù. Ẹ kàn má sọ pé kò sí òmíràn.

"Agbèjà" tí àbúrò wa mú wá fún sípíríìnì tó ń gba eyín servo là bí táyà bá kọlu òkúta, mo fọwọ́ sí i.

Ẹ tún kọ ọ́ sójú-ìwé kìíní pé ọ̀tún àti òsì, ti ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá kọjú sí ọmọ, á rò pé ó ń ya sódì, á sì lọ fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìyípadà, èyí tó ń sọ ọ̀tún di òsì, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mi ò tíì rí mú ni ti ibi tí a ní kí servo yí dé kó má kọjá, torí bí kò bá sí i, á máa ti ara rẹ̀ mọ́ irin títí á fi gbóná. "Òpin ìyí" ò wù mí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ojú-ìwé tó sọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ kí n wo àwòrán rẹ̀ ná. Ìyá ọmọ ò tíì dá mi lóhùn lórí owó servo.