Ẹ gbà mí o, Docker ti kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi lọ

Ọmọ Agbowó: Ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù yìí, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí n máa fi Docker ṣiṣẹ́, ètò tó ń ṣí àyè iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ti wà ní Kánádà báyìí, bí mo bá pè é, á ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ìyá kan tó ń gba àjọ lọ́jà Bódìjà ni mò ń ṣe, ètò tí á máa bá a ṣírò owó àwọn oníbàárà ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Láti ọjọ́ Ajé ni a ò ti rí iná l'Ágbowó. Epo jẹ́ńẹ́ tí mo rà lánàá nìkan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dárúkọ iye ẹ̀. Lóru, láptọ́ọ̀pù kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tan án láàárọ̀, mo ṣí Docker, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mọ́ fóó. Ìyá yẹn ti san ìdajì owó, ó sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí. Kí ni kí n wí? Ṣé jìbìtì ni Docker yìí ni?

Akin Mọ́kọ́lá: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Àṣẹ wo lo tẹ̀ láàárọ̀? Kọ ọ́ síbí bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Ìyá Kóòdù: Dátà ló pa èmi ní tèmi. Mo fa image python, ohun tí Docker fi ń ṣí àyè iṣẹ́ tó ní èdè kóòdù Python, lóru ọjọ́ kan, mi ò mọ̀ pé èyí tó kún ni mo mú. Nígbà tó balẹ̀ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1GB. Bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní slim ò tó 200MB! Ẹkún ni mo sun mọ́jú.

Bàbá Ubuntu: Git tí a fi ń tọ́jú kóòdù ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ò gbé e síbì kankan? Windows lo sì ń lò, mo mọ̀.

Ọmọ Agbowó: Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ kó parí kí n tó gbé e sórí Git ni, kì í ṣe pé mi ò mọ Git. Windows ni lóòótọ́, RAM 8GB. Fáànù ẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta.

Bàbá Ubuntu: Ẹ ò rí i? Lórí Linux, kernel (ọkàn ètò ẹ̀rọ) tó wà nílẹ̀ náà ni kọ̀ǹténà, àyè iṣẹ́ tí Docker ń ṣí, ń lò. Lórí Windows, odidi Linux mìíràn ni Docker máa kọ́kọ́ gbé dìde nínú WSL 2, ohun tí Windows fi ń gbé Linux, ìyẹn nìkan sì lè gba ìdajì RAM.

Àdìó Challenge: Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ayé ló máa pa Windows rẹ́ ni? Kó kọ memory=3GB sínú fáìlì .wslconfig kí WSL má bàa gba RAM jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tán. 8GB ni tèmi náà, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Bàbá Ubuntu: Òógùn lò ń jẹ.

Akin Mọ́kọ́lá: Ẹ sinmi ná, ẹ jọ̀ọ́. Àṣẹ tó tẹ̀ ni mò ń bi í.

Ọmọ Agbowó: docker run -it ubuntu bash. Ohun tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà nìyẹn. Látìgbà náà, mi ò pa ojú dúdú tí mo ń tẹ àṣẹ sí yẹn rí, ìdérí láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo máa ń pa dé.

Akin Mọ́kọ́lá: Ẹ̀ǹ-ẹ́n. Bátànì ọwọ́ télọ̀ ni image, aṣọ tó fi rán ni kọ̀ǹténà. Gbogbo ìgbà tó o bá tẹ docker run, aṣọ tuntun ló ń rán fún ẹ. O wá ń wá owó tó o fi sápò aṣọ àná nínú ti òní. Tẹ docker ps -a, wá èyí tó kọ Exited sí, kó o tẹ docker start -ai àti orúkọ ẹ̀.

Tẹki Òjé: Bí ò bá ṣiṣẹ́, lọ tẹ factory reset nínú Docker Desktop. Gbogbo ẹ̀ á padà sípò.

Akin Mọ́kọ́lá: Má dán an wò o! Ìyẹn máa gbá gbogbo ẹ̀ dànù.

Ọmọ Agbowó: Ti àárọ̀ yìí nìkan ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Kí n tó kọ síbí, ààyè ti tán lórí C. Mo rí docker system prune níbì kan, àṣẹ tó ń gbá ohun tí a ò lò dànù, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní y.

Ìyá Kóòdù: Yéè!

Bàbá Ubuntu: O fọwọ́ ara ẹ kó aṣọ lọ dáná sun, o wá ń pe Docker ní jìbìtì. Bó bá wà lórí Git ńkọ́?

Ọmọ Agbowó: Mo ti gbọ́, sà. Ṣé kí n kú ni? Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ àṣẹ sínú ìwé fún mi nígbà yẹn, ó gùn díẹ̀. Èyí tó sọ sí mi lọ́kàn ni mo tẹ̀ láàárọ̀.

Akin Mọ́kọ́lá: Ó gùn? Wá ìwé yẹn jáde.

Ọmọ Agbowó: Mo rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ti jẹ etí ẹ̀. docker run -it -v ajo:/ise ubuntu bash.

Akin Mọ́kọ́lá: Orí ẹ bá ẹ ṣe é! -v yẹn, àpò tí kò sí lára aṣọ ni, òun ni wọ́n ń pè ní volume. Prune bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn kì í fọwọ́ kan volume. Tẹ docker volume ls. Bó o bá rí ajo níbẹ̀, tẹ àṣẹ inú ìwé bó ṣe wà, kó o wá ṣe ls /ise.

Ọmọ Agbowó: Ó WÀ! Kóòdù mi pé! Àmọ́ python tí mo fi àṣẹ apt gbé wọlé ò sí mọ́. Fáìlì tí mo tẹ owó àwọn oníbàárà sí náà, inú /root ni mo fi í sí, kì í ṣe /ise.

Akin Mọ́kọ́lá: Ti /root ti lọ nìyẹn, pẹ̀lẹ́. Ti apt, kọ ọ́ sínú Dockerfile, fáìlì tí a fi ń ya bátànì, kó lè máa wà nínú aṣọ tuntun gbogbo.

Ọmọ Agbowó: Kò burú. Ìyá yẹn ṣì ní káàdì àjọ lọ́wọ́, màá tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Òun náà ló ń pè yìí, ẹ jẹ́ kí n gbé e.

Bàbá Ubuntu: Bó o bá gbé e tán, Git ńkọ́?