Ríbéètì kóríko iwájú ilé ní Los Angeles: ṣé ká kọ́kọ́ hú u ni àbí ká kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù?

ÌyáÌbejì_Valley:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kóríko iwájú ilé wa tó bíi 900 square foot, owó omi tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí wa wá dà bíi pé oko ìrẹsì là ń dá. Bàbá Ìbejì gbọ́ níbi iṣẹ́ pé téèyàn bá yọ kóríko tó gbin nǹkan tí kì í mumi púpọ̀, àwọn oníomi máa ń san owó padà, ni wọ́n bá ní àwọn àtàwọn ọmọ á hú gbogbo ẹ̀ ní Sátidé, pé fọ́ọ̀mù ò ní sá lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló ti gba owó yìí rí? Wọ́n tún ní kóríko oníke làwọn fẹ́ tẹ́ síbẹ̀, àwọn ò fẹ́ rí ẹ̀gún lójúde àwọn.

Adé_VanNuys:
Àǹtí, ẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọkọ yín o! Kí wọ́n má fọwọ́ kan ewé kan níbẹ̀ títí àṣẹ á fi dé. Èmi hú tèmi tán ní 2022 kí n tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni fótò kóríko kó tó kúrò nílẹ̀. Fótò wo? Kóríko ti bá mọ́tò kólẹ̀kódọ̀tí lọ. Mi ò gba kọ́bọ̀, mi ò sì rẹ́ni bá jà torí ó wà nínú ìwé tí mi ò kà.

Àbíkẹ́_Ewúro:
Ká má parọ́, bọ̀ọ̀dá ti sọ ọ́. Mo gba tèmi ní 2023, $5 lórí square foot kan ni LADWP, iléeṣẹ́ omi àti iná ìlú Los Angeles, ń san nígbà yẹn, 900 yín á jẹ́ $4,500. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ omi mìíràn ló ń fún yín lómi ẹ wo orí bíìlì dáadáa o, torí owó tiwọn lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fótò, ẹ ya àwòrán ibi tẹ́ẹ máa gbin nǹkan sí, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú bíìlì omi, kẹ́ẹ wá dúró. Tí àṣẹ bá ti dé, ọjọ́ 180 lẹ ní láti parí ẹ̀.

Kóríko oníke? Wọn kì í sanwó ẹ̀ rárá, ẹ bá mi sọ fún bàbá. Ohun ọ̀gbìn mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ rí nínú gbogbo 100 square foot, èèpo igi wẹ́wẹ́ á bo ilẹ̀ tó kù ní ínṣì 3, sprinkler tó ń fọ́n omi sáfẹ́fẹ́ á kúrò, wọ́n tún fẹ́ ibi tí omi òjò á máa dúró sí kó má bàa ṣàn lọ sójú títì. Èmi gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ síbi tí omi òrùlé ń já sí, mo kó òkúta síbẹ̀, ó tán. Ẹ̀gún kankan ò sí lójúde mi o, sage àti yarrow ni mo gbìn, oyin ń ya wá. Ewúro mi wà lẹ́yìnkùlé jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ tún rántí pé ìjọba àpapọ̀ lè ka owó yìí mọ́ owó tó wọlé fún yín. Wọ́n gba W-9 lọ́wọ́ mi, ìyẹn fọ́ọ̀mù téèyàn ń kọ nọ́ńbà owó orí ẹ̀ sí, nígbà tí 1099, ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n san fún mi fáwọn agbowó orí, dé lọ́dún kejì, ojú mi là.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Vegas:
Ẹ̀yin ará California ṣì ń ṣeré. Ní Nevada níbí, òfin 2021 ní kóríko ojú títì àti iwájú ọ́fíìsì tẹ́nì kankan kì í tẹ̀ ò gbọdọ̀ gbomi odò Colorado mọ́ lẹ́yìn 2026. Kò kan ilé onílé ṣá, ríbéètì ni wọ́n fi ń tan àwa. Níbí, kóríko tó ti kú ò gbowó, torí náà ẹ má jẹ́ kó gbẹ kẹ́ẹ tó pè wọ́n. Tí igi bá wà láàárín ẹ̀, ẹ fa páìpù omi tiẹ̀ fún un, omi kóríko ni tèmi ń mu láìmọ̀, a yọ kóríko, igi gbẹ.

ÌyáÌbejì_Valley:
Ẹ ṣé gan-an, mo ti gbé ọkọ́ pamọ́ sínú búùtù mọ́tò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti hú bíi 40 square foot lánàá kí n tó dé 😩

Adé_VanNuys:
Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò, $200 ló bá a lọ. Ẹ ya fótò èyí tó kù kílẹ̀ òní tó ṣú.