Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nípa jẹjẹrẹ inú awọ tó mú ọmọ mi.

Ọmọ ọdún 13 ni ọmọkùnrin mi nígbà tí àmì funfun yọ sí i ní ìdí àti itan. Làpálàpá la pè é. Ọdún méjì la fi ra ìpara lóríṣiríṣi ní ọjà Ìgbọ̀nà, kò lọ. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé ò fọwọ́ kan abọ́ tó bá fi jẹun mọ́. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń rò, ẹnu wọn ni ò gbà á. Ìyẹn dùn mí wọra.

Dókítà awọ ara tó rí i níbí l'Óṣogbo ní kó dijú, ó wá ń fi òwú kan àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ lára. Ó ní kò jọ ẹ̀tẹ̀. Wọ́n gé awọ tí kò tó hóró ẹ̀wà lọ yẹ̀ wò, lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó hàn: mycosis fungoides. Ọ̀gbẹ́ni Alibert, dókítà ará Faransé, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1806. Kókó tó rí lára aláìsàn jọ olú, ni orúkọ náà ṣe rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ ni: sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń pọ̀ láìníjàánu nínú awọ.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Dókítà mú ọwọ́ ọmọ mi, ó ń tẹ́ ẹ lé àwọn àmì náà, ó ń kà. "Mọ́mì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìka, bí ìdá 1 nínú 100 awọ ara rẹ̀ ni. Mẹ́fà ni mo kà. Kò tó 10 nínú 100, kò yọ kókó, abẹ́ abíyá ò wú. Ìpele àkọ́kọ́ nìyí." Ó ní ẹni tó bá wà níbẹ̀ sábà máa ń pẹ́ láyé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé irú tó ń funfun yìí, tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé aláwọ̀ dúdú, kì í sábà yára. Ká ní kókó ti yọ ni, tàbí gbogbo ara ti pọ́n, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Iná ìtọ́jú ni wọ́n ń tàn sí i lára báyìí. Itan ọ̀tún ti ń dúdú padà.

*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Tèmi, lymphomatoid papulosis ni, àìsàn awọ mìíràn. Ó ń yọ bí eéwo kéékèèké, ó ń dégbò, ó ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún yọ. Lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó jọ jẹjẹrẹ tó burú gan-an. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i fẹ́ fún mi ní oògùn jẹjẹrẹ líle. Ọ̀gá rẹ̀ ló bi mí pé, "Ṣé ó máa ń lọ fúnra rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló yọ mí. Ọdún kẹsàn-án rèé. Mo ṣì ń lọ kí wọ́n yẹ̀ mí wò, torí lára àwọn kan, jẹjẹrẹ irú mìíràn máa ń tẹ̀lé e.