Ta ló kọ́ ọmọ mi ní "jókòó, mo mọ̀ pé o ò ní mọ̀ ọ́n"?

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ kú ojọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ àná. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, ó to àwọn ọmọláńgidi ẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣe tíṣà fún wọn, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà mò ń wò ó. Ó bi ọ̀kan ní ìbéèrè, kò tiẹ̀ dúró, ló bá ní "jókòó, mo mọ̀ pé o ò ní mọ̀ ọ́n." Ó wá yíjú sí èyí tí aṣọ ẹ̀ dáa jù, ohùn ẹ̀ yí pa dà pátápátá, ó rọ̀, ó ní "ó yá, ìwọ sọ fún wọn." Àyà mi já. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, kò sì sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ní ká rà. Irú ẹ̀kọ́ tẹ́nì kan ò jókòó kọ́ wọn báyìí, báwo ló ṣe ń wọ̀ wọ́n lára, kí sì ni òbí lè ṣe sí i?

Akọ̀wé-kékeré:
Ẹ kú àkíyèsí ma. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn lórúkọ, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀kọ́ ń pè é ní hidden curriculum, èmi máa ń pè é ní ẹ̀kọ́ abẹ́nú. Philip Jackson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, ló gbé orúkọ yẹn jáde ní 1968. Ó lọ ń jókòó sí kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wá rí i pé yàtọ̀ sí ìṣirò àtìwé kíkà, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa wà láàárín èrò kí wọ́n sì máa dúró de ara wọn, bí wọ́n ṣe máa fara dà á kí wọ́n máa yìn wọ́n tàbí kí wọ́n máa bá wọn wí lójú gbogbo èèyàn, àti pé ẹnì kan wà níwájú tí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ tún eré ọmọ yín wò, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀! Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ tó jẹ́ ará Faransé, náà ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà látìgbà 1902 pé ilé-ìwé ló wà láàárín ẹbí àti àwùjọ, ibẹ̀ lọmọ ti ń mọ̀ pé òfin kan náà ló kan gbogbo èèyàn. Tó bá wá rí i pé kò kan gbogbo wọn ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló máa kọ́.

Tíṣà_Ọ̀dọ̀:
Màmá, ẹ má bínú o, tíṣà ni mí, èmi náà ti ṣe é rí, mi ò sì mọ̀ pé mò ń ṣe é. Kò tiẹ̀ di dandan kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu kọ́mọ tó gbọ́ ọ. Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ṣèwádìí ẹ̀, ó rí i pé tí tíṣà bá béèrè nǹkan, kì í sábà dúró ju bíi ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kó tó pe ẹlòmíì, àmọ́ tó bá dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo wá kọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì mi sórí páálí kéékèèké, mo kó o sínú ike, èyí tọ́wọ́ mi bá bà ni mo máa pè, màá wá ka 1, 2, 3 sínú. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó ti pẹ́ tí mo ti pè é gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí mo fa orúkọ ẹ̀ yọ, ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mò ń pè. Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn.

Bàbá Ẹlẹ́ta:
Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló burú ṣá o, torí ibẹ̀ náà lọmọ ti ń mọ̀ pé èèyàn lè fìdí rẹmi nínú eré kó má bínú, kó sì fún ẹlòmíì láyè. Àmọ́ èyí tó ṣe mí ò tíì tán lára mi. Wọ́n fọ́ gíláàsì fèrèsé nígbà tí mo wà ní kékeré, àwa mẹ́rin la jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi nìkan ni mo jẹ́wọ́. Èmi nìkan náà ni wọ́n fìyà jẹ. Páálí tí wọ́n kọ "MÁA SỌ ÒTÍTỌ́" sí wà lára ògiri lókè orí tíṣà, mo tẹjú mọ́ ọn títí tó fi ṣe tán. Ó pẹ́ gan-an kí n tó tún lè la ẹnu mi jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo bá a ṣeré náà nírọ̀lẹ́ òní, mo ní kóun wá mú ìjókòó ọmọléèwé, kí n ṣe tíṣà. Mo béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, mo dákẹ́, mo ń kà á sínú bí Tíṣà_Ọ̀dọ̀ ṣe sọ. Ó dáhùn, ó sì gbà á. Mo wá bi í pé nínú àwọn ọmọláńgidi yìí, èwo ni ìwọ tó o bá wà ní kíláàsì? Ó mú èyí tó ní kó jókòó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè màá lọ rí tíṣà ẹ̀, mi ò bá tìjà lọ, mo kàn fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ nípa kíkà dé 3 yẹn.