Ọkọ̀ afẹ́ ńlá elérò rẹpẹtẹ tàbí kékeré olówó gọbọi: èwo ló yẹ bàbá àti ìyá wa?

ÌYÁ ÌBEJÌ CROYDON:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, yóò pé àádọ́ta ọdún tí bàbá àti ìyá wa ti ṣègbéyàwó. Àwa ọmọ fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn gbafẹ́ ní Gíríìsì, Montenegro àti Croatia fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ọkọ̀ ńlá ni ká wọ̀, irú èyí tó ń kó bíi ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn, pé owó rẹ̀ rọjú, àwọn ọmọ (ọdún 9 àti 14) yóò sì ríbi ṣeré. Àbúrò mi fárígá. Ó ní kékeré olówó gọbọi ló yẹ àgbà, èyí tí èrò rẹ̀ kò ju 600 lọ. Iye tí wọ́n kọ sí ti kékeré yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ńlá.

Orúnkún ń da Bàbá láàmú, ọ̀pá ló fi ń rìn, àtẹ̀gùn kò sì bá a lára mu. Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ń gún abẹ́rẹ́ insulin. Àwọn méjèèjì kì í mu ọtí. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá ní, ti Nàìjíríà ni Màmá ń lò pẹ̀lú ILR (àṣẹ láti máa gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní gbèdéke). Ẹ bá wa dá sí i.

ATUKỌ̀:
Ẹ kú ìmúra ayẹyẹ, Ìyá Ìbejì. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó tì ná. Ẹ gba ìwé ìrìn àjò méjèèjì, kí ẹ wo orúkọ èbúté kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n kọ "tender" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí i, ọkọ̀ kò ní kan ilẹ̀ o. Àárín omi ni yóò dúró sí, ọkọ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ ni yóò máa kó èrò lọ sétí òkun. Ìgbì á máa gbé ọkọ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ yẹn sókè, á máa gbé e sódò, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sì ni èèyàn fi ń dá a kọjá láti orí pèpéle sínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á di yín lápá mú, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé èèyàn. Bí omi bá ru, ọ̀gákọ̀ lè ní kí ẹni tó ń fi ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́ rìn dúró sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ò sì ní rí owó gbà padà lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú Santorini, erékùṣù kan ní Gíríìsì. Ọkọ̀ afẹ́ kì í kan ilẹ̀ ní Fira, olú ìlú rẹ̀, ì báà jẹ́ ńlá, ì báà jẹ́ kékeré. Ọkọ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ á já yín sí ẹsẹ̀ òkè, láti ibẹ̀ ẹ lè gba ọkọ̀ orí wáyà, ẹ lè gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ sì lè fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 500. Ti Bàbá ti yanjú nìyẹn: ọkọ̀ orí wáyà nìkan. Èèyàn 36 ni ọkọ̀ orí wáyà yẹn ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ìlú náà ti fi òté lé e pé èrò ọkọ̀ afẹ́ kò gbọdọ̀ ju 8,000 lọ lóòjọ́, síbẹ̀ 8,000 kì í ṣe kékeré lójú ohun tó ń gbé 36. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré tàn yín níbẹ̀, ìlà kan náà ni gbogbo wa jọ ń tò. Ohun tí kékeré fi sàn ni pé kò pẹ́ tí gbogbo èrò rẹ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀ tán, tí òmíràn nínú wọn sì máa ń dúró di alẹ́, nígbà tí àwọn ńlá ti ṣíkọ̀ tí ìlà ti tú ká.

Ní Dubrovnik ti Croatia, ọ̀rọ̀ yí bìrí. Ọkọ̀ ńlá á fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ ní èbúté Gruž, afárá ni ẹ óò gbà sọ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé Pile, ẹnubodè ìlú àtijọ́, bíi kìlómítà mẹ́ta. Àwọn kékeré kan, tí wọ́n ń fi sísúnmọ́ ìlú polówó ara wọn, iwájú ìlú àtijọ́ gan-an ni wọ́n ń dúró sí, lórí omi, kí ọkọ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ máa kó èrò. Ó dáa fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Fún Bàbá, ti ọkọ̀ ńlá ló rọrùn níbẹ̀.

Bí Venice bá wà nínú ìwé yẹn, ẹ béèrè orúkọ èbúté náà gan-an. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Ítálì kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ju 25,000 GT (ìwọ̀n bí inú ọkọ̀ ṣe gbòòrò tó) lọ tàbí tó gùn ju mítà 180 lọ gba iwájú San Marco kọjá mọ́. Seabourn Encore tí gbogbo ayé ń pè ní kékeré lé ní 40,000 GT, òfin náà mú un. "Venice" inú ìwé lè jẹ́ Marghera, ó sì lè jẹ́ Trieste tàbí Ravenna, tí ẹ ó tún jókòó sínú bọ́ọ̀sì bíi wákàtí méjì.

ONÍṢIRÒ:
Atukọ̀ ti sọ ti èbúté, ẹ jẹ́ kí n mú ti owó. Iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ńlá kì í ṣe iye tí ẹ máa san. Tíìpù ṣáá: lórí Royal Caribbean, dọ́là 18.50 ni lóòjọ́ fún ẹnì kan ní yàrá lásán. Èèyàn méjì fún ọjọ́ méje jẹ́ dọ́là 259, ẹnikẹ́ni kò sì tíì jáde nínú yàrá. P&O ti Gẹ̀ẹ́sì kì í gba tíìpù lọ́tọ̀. Ẹ wá ro íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ilé oúnjẹ àkànṣe, àti ìrìn àjò orí ilẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa rí i pé ìlọ́po mẹ́rin yẹn ti di nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti máa ń bá àwọn tó ń polówó ọkọ̀ kékeré jiyàn nìyí. Seabourn àti Silversea ti ka ọtí mọ́ owó: wáìnì, ṣanpéènì, gbogbo rẹ̀. Bàbá àti Màmá kì í mu. Owó ọtí àwọn ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ bá wọn san yẹn. Ti ọkọ̀ ńlá, ẹ lè kọ̀ láti ra ọtí olówó àpapọ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé bí àgbà kan nínú yàrá bá rà á, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ á ní kí àgbà kejì yàrá náà rà á pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀gbọ́n yín tó ń mu sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tí kì í mu.

Ti àyè, ẹ fi GT pín sí iye èrò. GT kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó, bí inú rẹ̀ ṣe gbòòrò tó ni. Icon of the Seas jẹ́ 248,663 pẹ̀lú èrò 5,610: 44. Iona ti P&O, 184,089 pẹ̀lú èrò bíi 5,200: 35. Silver Nova, nǹkan bí 54,700 pẹ̀lú èrò 728: 75. Bí iye yẹn bá ti ń sún mọ́ 30, ẹ óò máa wá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìwẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Èèyàn méjì nínú yàrá kan ni wọ́n fi ń ka iye èrò wọ̀nyí o. Nígbà ọlidé, tí ọmọdé ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kẹta àti kẹrin, Icon lè kó 7,600, 44 yẹn á sì já sí 33. Àwọn kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

TÍSÀ LEEDS:
Ẹ dákun, oṣù kẹsàn-án kẹ̀? Ilé ìwé ti wọlé nígbà náà. Ní England, ọmọ tó bá pa ọjọ́ márùn-ún jẹ láìgbàyè, pọ́n-ùn 80 ni wọ́n ń bu lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di 160. Ẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá àwọn ọmọ ń lọ tàbí wọn kò lọ, nítorí òun ló máa sọ ọkọ̀ tí ẹ lè wọ̀. Viking kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré yòókù ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tí ọmọ ọdún 9 máa ṣe níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kejì ju kó máa yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ:
Insulin Màmá kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí tí ẹ fà lé wọn lọ́wọ́ ní èbúté. Àpótí yẹn lè má dé yàrá títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì lè ti jókòó sínú oòrùn. Báàgì ọwọ́ ni kó wà. Fíríìjì kékeré inú yàrá kì í sábà tutù tó, torí fún ohun mímu ni wọ́n ṣe é. Insulin tí ẹ kò tíì ṣí ń fẹ́ ìwọ̀n ooru 2 sí 8. Ẹ kọ̀wé ṣáájú sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé ẹ fẹ́ fíríìjì oògùn àti ike tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ sí. Ńlá àti kékeré ló ń pèsè rẹ̀, àmọ́ wọn kì í gbé e jáde fún ẹni tí kò béèrè. Ẹ má sì jẹ́ kó fara kan ibi tí ń dì í ní yìnyín. Insulin tó bá ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bó bá yọ́ padà.

Ọkọ̀ kékeré ń mì ju ńlá lọ. Ní òkun Aegean ti Gíríìsì, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní meltemi ń fẹ́ láti àríwá, ó ń le jù ní oṣù keje àti kẹjọ, a sì tún máa wọ oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọkọ̀ ní ìyẹ́ lábẹ́ omi tí kì í jẹ́ kí wọ́n yí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré ni ìyẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Yàrá àárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀, ni kí ẹ gbà. Bí èébì òkun bá mú Màmá, tí kò lè jẹun lẹ́yìn tó ti gún abẹ́rẹ́, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ìdí tí mi ò fi fojú kékeré wo mímì ọkọ̀ nìyẹn.

Ní ti orúnkún, ẹ ka ìrìn inú ọkọ̀ náà mọ́ ọn. Icon gùn tó mítà 365. Bí yàrá bá wà nídìí ọkọ̀ tí ilé oúnjẹ wà níwájú, ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, lílọ àti bíbọ̀, ti kọjá kìlómítà kan. Yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹ́lífétọ̀ ni kí ẹ béèrè. NHS, ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò ní san owó dókítà inú ọkọ̀. Ẹ ra ìbánigbófò tó dárúkọ ọkọ̀ ojú omi àti gbígbé aláìsàn délé, kí ẹ sì sọ ìtọ̀ ṣúgà yẹn fún wọn. Ẹni tó bá fi pamọ́, wọ́n lè má san kọ́bọ̀ fún un.

AGBÓHÙN FÍSÀ:
Ẹ má tíì sanwó fún ọkọ̀ kankan tí kì í dá owó padà títí físà Màmá yóò fi jáde. ILR kì í ṣe físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Gíríìsì wà nínú Schengen, Croatia wọ̀ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2023, Montenegro kò sí níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti Dubrovnik lọ sí Kotor ní Montenegro, Màmá ti jáde nìyẹn. Tó bá padà sí Gíríìsì, ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò lè gbé e, ti ìwọlé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kó béèrè. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni ẹ máa lọ bá. Bí ó bá dọ́gba, èyí tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ni. Yúrò 90 ni owó rẹ̀. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ní èbúté, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló máa yẹ físà wò. Bí kò bá pé, wọn á dá Màmá padà, owó á sì wọgbó.

Káàdì BRP, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ní àṣẹ ìgbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí mọ́. Bí Màmá bá gba ìwé ìrìnnà tuntun, ẹ so ó mọ́ àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ UKVI (ọ́fíìsì físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) kó tó kúrò nílé, kí ìpadàbọ̀ má baà di wàhálà.

ÌYÁ ÌBEJÌ CROYDON:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á san yín lẹ́san rere. Ọ̀rọ̀ Tísà ti yanjú ti àwọn ọmọ, wọn kò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa wá ní kí a gba Yacht Club lórí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ MSC, pé ọkọ̀ kékeré nínú ọkọ̀ ńlá ni. Ṣé òótọ́ ni? Màmá sì ti ń kó gèlè àti áyọ́ọ̀nù jọ.

ATUKỌ̀:
Áyọ́ọ̀nù kẹ̀! Wọ́n á gbà á níbi àyẹ̀wò ẹrù, nítorí iná. Kété tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní wọ́n á dá a padà.

Òótọ́ ni ti Yacht Club: ilé oúnjẹ tiwọn, odò ìwẹ̀ tiwọn, ẹni tó ń ṣètò nǹkan fún yín, ẹ kì í sì í tò pẹ̀lú àwọn èrò yòókù nígbà wíwọlé àti sísọ̀ kalẹ̀. Fún orúnkún Bàbá, ìyẹn níye lórí. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé òkè lọ́hùn-ún, níwájú ọkọ̀, ni àwọn yàrá rẹ̀ sábà máa ń wà, ibẹ̀ sì ni ìgbì ti ń gbé èèyàn sókè sódò jù. Ọtí tún wà nínú owó rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ọmọdé kò sí mọ́, mi ò ní mú ti 600, mi ò sì ní mú ti 5,000. Àwọn ọkọ̀ Viking tó ń kó 930, bíi 47,800 GT, ni màá kọ́kọ́ wò. Gbogbo yàrá ló ní bàlíkónì, ìrìn àjò orí ilẹ̀ kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní èbúté kọ̀ọ̀kan, wáìnì àti bíà wà nídìí oúnjẹ nìkan, kì í ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yàrá ìfọṣọ ọ̀fẹ́ tó ní áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, Màmá lè fi lọ aṣọ rẹ̀. Èbúté tó bá kọ "tender" kò gbọdọ̀ ju méjì lọ nínú méje. Bí ẹ bá rí i tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí ọjọ́ padà, nítorí ọkọ̀ kan náà lè máa gba ọ̀nà míì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.