Dítẹ́kítọ̀ nínú àgbàlá ilé bàbá wa ní Mopa, ìpínlẹ̀ Kogi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Yàgbà:

Okun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ń wá ẹni tó ti lo dítẹ́kítọ̀ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló gbé e wálé nígbà Kérésì, nígbà tó ń padà ó fi sílẹ̀ fún mi. Owó àtijọ́ ni mo fẹ́ fi wá o, kì í ṣe góòlù. Ilé bàbá bàbá mi ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí, ilé alámọ̀ ni, apá kan ti wó, àmọ́ àgbàlá ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ìyá bàbá mi sì ta iyọ̀ àti epo níwájú ilé yẹn títí ọjọ́ ogbó wọn dé. Nígbà tá a wà lọ́mọdé tí òjò ńlá bá rọ̀ dá, a máa ń ṣa kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó nílẹ̀ níbẹ̀, a ó fi òwú kọ́ ọ sọ́rùn. Torí ẹ̀ ló fi dá mi lójú pé owó ṣì wà nísàlẹ̀.

Wàhálà tí mo wá ní báyìí, ẹ̀rọ yìí kì í dákẹ́. Bí mo bá ti tàn án lórí ilẹ̀ pupa yẹn, ariwo ni ṣáá, kò yé mi èwo lowó èwo ni òkúta, tí mo bá sì gbẹ́ ẹ, ìṣó páànù ni tàbí ìdérí ìgò mínírà. Èkejì, àbúrò bàbá mi tó ń gbé inú ilé náà ò fẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀ rárá, wọ́n kàn ń sọ pé "fi ilẹ̀ sílẹ̀", wọn ò ṣàlàyé. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan lórí WhatsApp ní òun máa ra ṣílè 1936 lọ́wọ́ mi ní owó tó pọ̀ gan-an tí mo bá rí i. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ ṣé o.

Alágbẹ̀dẹ_Kàbà:

Okun o àbúrò. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ ẹ, ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń pariwo. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: kóìlù rẹ̀bẹ̀tẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń ju agbára mágnẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀, tó bá kan irin tàbí bàbà tàbí fàdákà, iná kékeré á máa yí po nínú nǹkan yẹn, òun náà á wá dáhùn padà, ìdáhùn yẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Ó wá jẹ́ pé ilẹ̀ wa, ilẹ̀ yangí ni, irin kún inú ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìtakpe, tó mọ òkè Agbája lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀, á mọ bí irin ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀ Kogi. Kò wá tán síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀dẹ àtijọ́ ti yọ́ irin nítòsí, ìdàrọ́, ìyẹn èérí irin tí wọ́n yọ́, máa wà nínú ilẹ̀, dúdú, ó wúwo, ó ní ihò wínníwínní lára, ìdàrọ́ kan ṣoṣo lè mú kí ẹ̀rọ ké bíi pé o ti débi ìṣúra.

Ohun tí wàá ṣe, wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ ground balance sí. Wá ibì kan tí kò sí irin, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, máa gbé kóìlù sókè máa sọ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ kó kanlẹ̀, títí ariwo ilẹ̀ á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà dín sensitivity kù, ìyẹn bí etí ẹ̀rọ ṣe mú tó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún ẹ láti gbé e lọ sókè pátápátá kó lè rí nǹkan tó jìn, àmọ́ lórí yangí, bó o bá ṣe gbé e sókè tó ni ilẹ̀ á ṣe pariwo tó. Owó tó wà ní ínṣì 4 sí 6 ni kó o máa lé, èyí tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbàgbé ẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ̀rùn tún máa ń jẹ́ kó le, ilẹ̀ á gan, gbígbẹ́ ẹ̀ á sì dìṣòro. Dúró de òjò kan tàbí méjì kó o tó jáde.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ, tó ń sọ irú irin tó ṣeé ṣe kó wà nísàlẹ̀, wá kù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ owó nù. Wọ́n á rí i lórí YouTube pé owó àtijọ́ máa ń fún èèyàn ní nọ́ńbà gíga, wọ́n á wá yí ẹ̀rọ pa sí nọ́ńbà kékeré. Fàdákà àti bàbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ oníhò tiwa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1952, bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀ẹ̀lì ni, nọ́ńbà ẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀, níbi tí etí agolo mínírà àti bébà fàdákà inú páálí sìgá wà. Nínú àgbàlá bíi tìyẹn, tó ò bá fẹ́ gbẹ́ ìdọ̀tí, oò ní rí kọ́bọ̀ náà. Àwọn owó 1991 ńkọ́, náírà onírin àti 50 kọ́bọ̀, irin gidi ni inú wọn, níkẹ̀ẹ̀lì ni wọ́n kàn fi bò ó, tó o bá ti ní kí ẹ̀rọ má ké fún irin, o ti fo ìyẹn náà nìyẹn. Èmi ò rò pé ìyẹn dùn ẹ́ ṣá.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, ri kọ́bọ̀ kan tó o mọ̀ mọ́lẹ̀ ní ínṣì 4 nínú ilẹ̀ yẹn gan-an, gba orí ẹ̀ kọjá láti ọ̀tún, láti òsì, gbọ́ ohùn ẹ̀ títí á fi mọ́ ẹ létí. Owó máa ń dún bákan náà láti ibi gbogbo tó o bá gbà. Ìṣó máa ń dún lápá kan, tó o bá yí padà á gé.

Ìyá_Ìjùmú:

Okun o ọmọ mi. Èmi ò ní ẹ̀rọ, àmọ́ mo ná owó tí ẹ̀ ń sọ yìí, mo fẹ́ kó o mọ bó ṣe ń já bọ́, torí ìyẹn ló máa sọ ibi tó wà fún ẹ.

Ìyá bàbá ẹ ò ní àpò. Etí ìró ni wọ́n ń so owó sí, wọ́n á dì í ní kókó, wọ́n á kì í bọ ìbàdí. Tí oníbàárà bá fẹ́ gba ṣéńjì, wọ́n á tú u, owó kan á yọ́ bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, onínì kékeré báyìí, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Lọ́jọ́ kejì kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọbìnrin ilé á ti gbá gbogbo iwájú ilé. Ó ń gbá a lọ síbo? Ààtàn ni! Ọmọ mi, fi iwájú ilé sílẹ̀ ná, béèrè ibi tí ààtàn ilé wà nígbà yẹn. Iwájú ilé tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́ fún ogójì ọdún, kí lo rò pé ó kù níbẹ̀? Ibòmíràn tó dáa ni ìsàlẹ̀ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ilé, níbi tí omi òrùlé ti ń gbẹ́ kòtò, owó máa ń rọra wọ́ lọ síbẹ̀. Àti ìdí igi tí wọ́n ń jókòó sí ta àkàrà tàbí ta ayò, bí igi yẹn ò bá sí mọ́, ẹni àgbà kan ṣì mọ ibi tó wà.

Inú yàrá tó wó, yẹn le o. Ògiri amọ̀ tó ya lulẹ̀ ti bo ilẹ̀ ilé, ẹ̀rọ ẹ ò ní dé ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ owó ẹyọ ni wọ́n rì sínú ìkòkò lò ń retí, ẹ̀rọ irin ò ní ké fún un láéláé, ìkarawun ni owó ẹyọ.

Jẹ́ kí n sọ bí wàá ṣe dá wọn mọ̀. Onínì ló kéré jù, mẹ́wàá ẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Òun àti ìlàjì kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀, gbogbo wọn ló níhò láàárín, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì wà lára wọn. Ṣílè ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn. Tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ àtijọ́ mẹ́ta) tó dé ní 1959 ní igun méjìlá, òwú wà lára ẹ̀, sísì (kọ́bọ̀ àtijọ́ mẹ́fà) ọdún yẹn sì ní kòkó. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ṣílè mẹ́wàá ló di náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ tuntun mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ tuntun márùn-ún. Àwọn àgbà ṣì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì títí ó fi pòórá lọ́jà.

Tíṣà_Àgbà:

Ọmọ_Yàgbà, mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ ka tèmi yìí. Àbúrò bàbá ẹ kì í ṣe alágídí. Ní ilẹ̀ wa, inú ilé la ti ń sin àgbà, inú yàrá wọn tàbí inú àgbàlá, ọ̀pọ̀ ibojì ò sì ní sìmẹ́ńtì lórí. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé náà mọ̀ pé igun báyìí ni bàbá àgbà wà, ẹ̀gbẹ́ àmù ni ọmọ kan wà. Wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹ lójú gbogbo ayé. Owó sì lè wà níbẹ̀ o, torí wọ́n máa ń fi owó sin òkú, wọ́n sì máa ń fi owó sí ojúbọ. Ẹ̀rọ á ké, ìwọ á rò pé o ti rí owó ìyá bàbá ẹ, o ò mọ̀ pé orí àyà bàbá ńlá ẹ lo dúró sí.

Torí náà fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ilé. Mú obì dání, lọ jókòó ti bàbá, béèrè ìtàn ilé náà lọ́wọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ sọ pé, "Bàbá, ẹ fi ẹsẹ̀ yín hàn mí ibi tí n ò gbọ́dọ̀ dé." Kí wọ́n rìn ín fún ẹ, kó o fi òkúta sàmì sí i. Ẹ jọ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ti ẹbí ni ohun tó bá jáde, kì í ṣe tìẹ nìkan, ọmọ bàbá ẹ tó wà lókè òkun náà ní ìpín.

Òfin náà wà. Òfin mùsíọ́mù ti 1979 ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá wa ilẹ̀ kiri láti wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ. Iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 ni òfin náà ń dáàbò bò. Ṣílè ìlú òyìnbó ti 1940 ò sí lára ẹ̀, àmọ́ tó o bá gbẹ́lẹ̀ tó o kan ẹ̀gbà idẹ, ère, ìkòkò tó dúró gedegbe, ọwọ́ kúrò. Má fà á yọ. Bo ilẹ̀ padà, ya fọ́tò, kí ẹbí jẹ́ kí àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí àwọn òkè tí àwọn bàbá wa sá lọ nígbà ogun Nupe, ẹ má gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ rárá. Ìtàn ẹnikẹ́ni ò sí nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ àwọn ahoro yẹn, ilẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá ti tú u ká ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wa ihò àpáta ní Ìffẹ̀-Ìjùmú, ẹ rí bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a ní díẹ̀díẹ̀.

Sọ fún àwọn aládùúgbò àti àwọn fijilánté kó o tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán gangan ni kó o ṣe é. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìsánlú pọ̀, ẹni tó bá rí ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ á ní góòlù lo rí. Góòlù sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Lọ́kọ́ja:

Lórí ti WhatsApp yẹn, ẹ ṣọ́ra gan-an. Ṣílè 1936, orí ọba George kárùn-ún ló wà lára ẹ̀, ó pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ru èèyàn lójú ni pé Edward kẹjọ jọba ní 1936 kan náà, kò lò tó ọdún kan tó fi gbé adé sílẹ̀, wọn ò ná owó tó ní orí ẹ̀ nílùú òyìnbó. Àmọ́ kọ́bọ̀ oníhò tiwa ò gba orí ọba, orúkọ nìkan ló wà lára ẹ̀, torí ẹ̀ wọ́n ti tẹ EDWARDVS VIII sí i, wọ́n sì ti ná an káàkiri West Africa. Ó dùn ún ní, àmọ́ kò wọ́n. Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ tọ́jú dáadáa ni ṣílè àti ṣílè méjì láti 1913 dé 1920, fàdákà wà nínú wọn, ní 1920 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sí idẹ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó àyẹ̀wò kóun tó ra owó lọ́wọ́ yín, gbájúẹ̀ ni, ẹ bulọ́ọ̀kù ẹ̀. Àwọn tó tún ń ta ẹ̀rọ onírin gígùn méjì tí wọ́n ní ó ń na ọwọ́ sí góòlù láti òkèèrè, irọ́ funfun ni, kò sí ohun tó ń gbọ́ nínú ẹ̀.

Ọmọ_Yàgbà:

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun gbogbo yín, Tíṣà àti Ìyá wa Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo gbé obì lọ. Bàbá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá dìde, wọ́n rìn yí àgbàlá ká, wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀ ní ibì mẹ́ta, wọ́n dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ìkẹta, n ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi, ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà ni, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ni. Àwọn náà ló sọ pé ẹ̀yìn ìdáná ni ààtàn wà kí wọ́n tó gbin máńgòrò síbẹ̀.

Ìdí máńgòrò yẹn la lọ, àwa méjèèjì. Ìdérí ìgò pọ̀, abẹ́rẹ́ ńlá kan. Ẹ̀rọ wá fún mi ní nọ́ńbà kékeré tó dún bákan náà látọ̀tún látòsì bí ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ ṣe wí. Mo gé ilẹ̀ onígun mẹ́ta, mo ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè padà sáyè ẹ̀, mo fi ọwọ́ fọ́ iyẹ̀pẹ̀, onínì ni! Kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ púpọ̀, ihò ẹ̀ kún fún amọ̀ pupa, eteetí ẹ̀ ti ń ṣe àwọ̀ ewé. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi wọ́n fi ihò ẹ̀ wo ọ̀run, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọdún ara ẹ̀ ò hàn, 193 nìkan ni mo rí. Ṣé kí n fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó lè dán?

Alágbẹ̀dẹ_Kàbà:

Rárá o!! Má fi ọsàn kàn án, má fi yanrìn, má fi ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ọsàn á jẹ ojú owó, yanrìn á fá a, ọdún tó ò rí yẹn á pòórá pátápátá. Rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ di ọjọ́ kejì, pààrọ̀ omi, fi ìka rọra pa á, tí amọ̀ bá ṣì wà nínú ihò fi igi ìtayín tó ti rọ̀ yọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Fi aṣọ gbẹ ẹ́ láì ra á mọ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé yẹn fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù kí iná máa ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, nọ́ńbà tó kù á yọ òjìji. Tó o bá rí H tàbí KN kékeré, Birmingham ni wọ́n ti ṣe é, wá sọ fún wa.

Kó o sì ra ìwé kékeré kan, kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sí i, kọ àwọn orúkọ mẹ́ta tí bàbá dá náà sí i kó o tó gbàgbé wọn. Tó o bá ti gba orí ààtàn yẹn kọjá látàríwá sí gúúsù, gbà á látìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, wàá rí òmíràn.