Ojú aago Seiko mi yìí àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò bára mu, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aago. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Aago ọwọ́ àtijọ́ láti Japan ni mò ń kó jọ, àwọn tí kò lo bátìrì. Mo ní mọ́kànlá, mo sì ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, ohun tí wọ́n ti pààrọ̀. Èyí tó dà mí láàmú ni Seiko 6139 olójú yẹ́lò, irú èyí tí William Pogue, awòràwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó rìnrìn àjò sí òfúrufú, wọ̀ lọ sókè lọ́hùn-ún lọ́dún 1973. (Ìyàwó mi ò tíì mọ iye tí mo rà á. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.)

97 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà kìíní ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún tí wọ́n ṣe é, ìkejì ni oṣù. Oṣù keje dájú, àmọ́ ṣé 1969 ni àbí 1979? "Water Proof" (omi kò lè wọ̀ ọ́) ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ń tọ́ka sí 1969. Àmọ́ "Resist" ni wọ́n kọ sí ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò "Proof" lẹ́yìn ìgbà náà. Ọ̀dà tó ń tàn lórí àwọn ọwọ́ rẹ̀ ti rí bíi tíì, ti ojú rẹ̀ sì funfun báláú, bí ẹni pé ojú náà kò pẹ́ tó àwọn ọwọ́ náà.

Ṣé kí n kọ ọ́ sí 1969, kí n fi kún un pé wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀? Àbí kí n wá ojú àtijọ́ rà kí n tó kọ ohunkóhun? Ẹni tó bá ní ti 1969 tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, ẹ bá mi ya fọ́tò ojú rẹ̀.